Orúkọ Ènìyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ìtumọ̀ Wọn àti Ọ̀nà tí Wọ́n Gbà Wọ̀lú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi yé ni pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a ń ṣà lórí àtẹ. Inú ilé ni ó ti ń jáde: láti inú iṣẹ́ tí ilé ń ṣe, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, oyè tí wọ́n ń jẹ, ìbànújẹ́ tí wọ́n ti rí àti ayọ̀ tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ orúkọ túmọ̀ dáadáa, tí ó sì mọ ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, yóò lè ka ìtàn ìdílé láti inú orúkọ bí ẹni ń ka ìwé.

Bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nìyí, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba ní erékùṣù Èkó. Ìlú náà fúnra rẹ̀, orúkọ méjì ni ó ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó gbà pé láti inú èdè Ẹdó ni Èkó ti jáde, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ibùdó. Àwọn ará Potogí ni ó sì mú orúkọ Lagos wá, èyí tí ó tọ́ka sí omi ọ̀sà. Bí ìlú ṣe ní ju orúkọ kan lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ inú rẹ̀. Láàrin àdúgbò díẹ̀ tí ó fara kan ara wọn, a lè bá Fálolú, Búráímọ̀, Macaulay àti da Silva pàdé, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ ará Èkó máa ń jẹ́rìí sí ọ̀nà tí ìdílé rẹ̀ gbà wọ ìlú. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Ìpín orúkọ nínú àṣà Yorùbá

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín orúkọ sí: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Ìpín yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni èyí tí ipò tí ọmọ wà nígbà tí a bí i fún un. Òbí kò ní í ronú kí ó tó sọ ọ́. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sáyé ni Àjàyí. Èyí tí ó fi ìwọ́ kọ́ ọrùn wá ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ìgè ni ó mú ẹsẹ̀ ṣáájú. Dàda ni irun orí rẹ̀ ta kókó. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ìbejì. Ìdòwú ni ó tẹ̀ lé wọn, Àlàbá sì tẹ̀ lé Ìdòwú.

Orúkọ àbísọ ni èyí tí àwọn òbí àti àgbà ilé fi ọgbọ́n inú wọn sọ. Níbẹ̀ ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ adé, ọlá, oyè, akin àti orúkọ òrìṣà. Orúkọ àbíkú náà wà nínú rẹ̀: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Orúkọ oríkì ní tirẹ̀ ni a fi ń kẹ́ ọmọ, tí a sì fi ń wú u lórí. Àkànní, Àjàní, Àlàbí àti Àyìndé jẹ́ ti ọkùnrin. Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àníkẹ́ jẹ́ ti obìnrin.

Johnson sọ pé ní ayé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ó wọ́pọ̀ fún gbogbo ọmọ. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti omi tútù ni a fi ń ṣe àdúrà fún ọmọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gbogbo àgbà tí ó bá wà níbẹ̀ ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọmọ náà ní orúkọ kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ Yorùbá kan fi lè ní orúkọ mẹ́fà tàbí méje, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá àgbà nìkan ni a ti ń gbọ́ òmíràn nínú wọn.

Orúkọ ní Ìgá Ìdúngànran

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìpìlẹ̀ ìlú. Ibẹ̀ ni Ìgá Ìdúngànran, ààfin ọba, wà. Orúkọ àwọn àdúgbò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ìdú”, irú bí Ìdúmọ̀tà àti Ìdúnmàgbò, ń rán ni létí ọ̀rọ̀ tí àwọn Ẹdó fi ń pe àdúgbò, wọ́n sì bá ìtàn tí ó so ìdílé ọba Èkó mọ́ Bìní mu. Síbẹ̀, nígbà tí a bá wo orúkọ àwọn ọba náà, Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú wọn: Olúwọlé, Akítóyè, Kòsọ́kọ́, Dòsùnmú, Oyèkàn, Èṣùgbàyí, Fálolú. Èyí fi hàn bí èdè àwọn tí wọ́n bá nílé ṣe di èdè tí ààfin fi ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Orúkọ mìíràn nínú wọn bá ipò ọba mu. Akítóyè, bí àwọn ará Èkó ṣe ń pè é, túmọ̀ sí pé akin tó oyè. Olúwọlé sọ pé olú ti wọ ilé. Oyèkàn sọ pé oyè kan ilé náà. Ṣùgbọ́n ti Kòsọ́kọ́ yàtọ̀. “Kò sí ọkọ́” ni, ọkọ́ tí à bá fi gbẹ́ sàréè. Orúkọ àbíkú ni. Ẹni tí ó jọba ní 1845, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí ó ṣí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì padà wá sí Èkó ní 1862, ọmọ tí wọ́n bẹ̀ kí ó má kú ni nígbà ìbí rẹ̀. Bí a kò bá mọ ìtumọ̀ orúkọ yìí, a ó rò pé orúkọ jagunjagun kan lásán ni. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó rí i pé ikú ọmọ kò mọ ààfin yàtọ̀ sí ahéré. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e padà ni ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. Orúkọ àdúgbò náà sì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ títí di òní.

Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. “Di òsùn mú” ni orúkọ rẹ̀. Òsùn sì jẹ́ ọ̀pá àwọn babaláwo àti oníṣègùn, èyí tí kò gbọdọ̀ ṣubú. Nínú ìwé àdéhùn tí ó gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, “Docemo” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ẹni tí ó bá ka Docemo kò lè rí ọ̀pá òsùn kankan níbẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí orúkọ Yorùbá fi ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù nínú ìwé ìjọba nìyí: kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pa á dà, àkọsílẹ̀ ni ó bà á jẹ́.

Èṣùgbàyí náà tún jẹ́ ẹ̀kọ́. “Èṣù gba èyí” ni. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, Èṣù ni wọ́n lò fún ọ̀tá Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ti ń sá fún orúkọ tí ó bá ní Èṣù nínú. Àmọ́ ní Ìgá, Èṣù kì í ṣe Sàtánì. Èṣùgbàyí Elékó jọba láti 1901. Ìjọba amúnisìn yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1931. Ní ọdún kan náà ni ó padà sí ipò rẹ̀, ó sì wàjà ní 1932. Báyìí ni orúkọ Èṣù ṣe wọ inú ìwé ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn amòfin ti ń kà á títí di òní. Fálolú, tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1949, ń jẹ́rìí sí Ifá: “Ifá ni olú”.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò ńlá tí ìjọba aṣojú Gẹ̀ẹ́sì mú kí a lé kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá, ni a fi sọ gbàgede Tinúbú lórúkọ. Ẹfun tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Ọbàtálá. Orúkọ kejì ní kíkún ni Ọ̀ṣuntinúbú, èyí tí ó sọ pé láti inú ibú ni Ọ̀ṣun ti wá. Òrìṣà méjì ni ó wà nínú orúkọ obìnrin kan. Nígbà tí a gé Ọ̀ṣun kúrò, Tinúbú ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ tí ń gba gbàgede náà kọjá lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ òrìṣà odò ni àwọn ń pè.

Orúkọ tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí mú wá

Ní ìgbà ayé ọba Adélé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti wọ Èkó. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, àìmọye ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ti gbà á. Orúkọ Lárúbáwá wá bá ẹ̀sìn yìí wọlé, ṣùgbọ́n ahọ́n Yorùbá ni ó tún wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kan ara wọn. Nítorí náà, Ibrahim di Búráímọ̀, Yusuf di Yésúfù, Uthman di Sùnmọ́nù, Muhammad di Mọ́mọ́dù, Abubakar di Bàkárè, Maryam sì di Mọ̀ríámọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sì gun orí wọn, tí ó fi jẹ́ pé Lárúbáwá tí ó bá gbọ́ wọn lè má mọ̀ pé tirẹ̀ ni.

Òmíràn nínú wọn bá àṣà tí Yorùbá ti ní tẹ́lẹ̀ mu. Láwàl ti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ wá, Sáání ti inú èyí tí ó túmọ̀ sí ìkejì, Jímọ̀ sì ni ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ó mọ Táíwò àti Ìdòwú, tí ó sì mọ Abíọ́dún, kò ní í rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bí àjèjì.

Àpẹẹrẹ méjì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni ti Àmọ́dù Tìjání, olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀. Àmọ́dù ni Ahmad. Tìjání sì ti ara orúkọ àfáà ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà wá, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Tijaniyya sílẹ̀. Orúkọ yìí ni ó wà lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí a dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, níbi tí wọ́n ti gbà pé àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ wọn. Oyè àtayébáyé ni ó gbé lọ sí ilé ẹjọ́, orúkọ Mùsùlùmí ni ó fi ń jẹ́jọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ìkejì ni ti Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sierra Leone. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí tí ó kọ́ sí òpópó Martins, Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè “Bey” dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà ni Shitta-Bey ti di orúkọ ìdílé. Oyè ilẹ̀ òkèèrè ni ó di orúkọ ọmọ Èkó yìí.

Àwọn Sàró: orúkọ tí a fún ẹni tí a gbà sílẹ̀

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé. Sàró ni a ń pè wọ́n. Ní Èkó, Ọlọ́wógbowó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí. Wọ́n dé pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀sìn Kírísítì, àti pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì: Johnson, Davies, Cole, Williams, Macaulay, Crowther.

Ìtàn Àjàyí Crowther ni ó ṣàlàyé bí orúkọ wọ̀nyí ṣe dé ara wọn. Ní Òṣoògùn ni wọ́n ti mú un ní 1821. Wọ́n tà á káàkiri títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti gbé e sínú ọkọ̀ àwọn ará Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samuel Crowther. Irú orúkọ báyìí pọ̀. Àwọn ọlọ́rẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi owó ran iṣẹ́ ìjíhìnrere lọ́wọ́ lè ní kí a fi orúkọ wọn sọ ọmọ kan. Nítorí náà, orúkọ Sàró kì í sọ nǹkan kan nípa ilé tí ọmọ ti wá. Ẹni tí ó ṣe é lóore ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n Àjàyí kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmútọ̀runwá ni; kò sí ẹni tí ó fún un, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á. Nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, Àjàyí ni ó ṣì jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Orúkọ òpìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì kan ni ọkùnrin Yorùbá yìí ń jẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bí ọmọ wọn ọkùnrin ní 1864, wọ́n fi Ọláyínká kún Herbert tí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn Àgùdà: orúkọ olówó ẹrú, orúkọ ilé

Ní apá kejì erékùṣù ni àwọn tí ó padà láti Bùràsíìlì àti Kúbà tẹ̀dó sí. Pópó Àgùdà ni ibùgbé wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní Bahia ní oṣù Kìíní ọdún 1835, ayé há mọ́ àwọn ènìyàn dúdú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wá ọ̀nà àtipadà sílé. Da Silva, Pereira, da Rocha, Cardoso, Martins àti Salvador ni orúkọ wọn. Nínú ìrìbọmi ìjọ Páàdì ni òmíràn ti jáde. Lára olówó ẹrú ni wọ́n ti gba òmíràn.

Nínú ilé wọn, orúkọ Yorùbá kò kú. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú ní ọmọdé, fi Esan sí àárín orúkọ Potogí méjèèjì bí ẹni fi ohun iyebíye pamọ́ sínú aṣọ. Ọmọ rẹ̀ ni Candido da Rocha, olówó tí gbogbo Èkó mọ̀ nítorí ilé omi rẹ̀ ní òpópó Kákáwá. Ní àdúgbò Àgùdà kan náà ni òpópó Bámgbóṣé wà, “bá mi gbé oṣé”, oṣé Ṣàngó. Níbẹ̀ náà ni òpópó Tòkunbọ̀ wà. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí ó bá ìtàn àwọn ènìyàn yìí mu jù lọ: ẹni tí ó ti òkun bọ̀. Àwọn Yorùbá ní, orúkọ tí ó bá wu ni là á jẹ́ lẹ́yìn odi. Àwọn Àgùdà àti Sàró kò tilẹ̀ ní àǹfààní yìí; orúkọ tí ó wu ẹlòmíràn ni wọ́n jẹ́ lẹ́yìn odi. Nígbà tí wọ́n wọ odi padà ni ìbéèrè dé: ta ni a ó máa jẹ́ nílé?

Àwọn tí ó pa orúkọ dà

Láàrin ọdún 1880 sí 1910 ni ìbéèrè náà gbóná jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn Sàró rò pé bí àwọn bá jọ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ, ní aṣọ àti ní ìwà, a ó kà wọ́n sí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó ń gba ipò lọ́wọ́ wọn nínú iṣẹ́ ìjọba àti nínú ìjọ. Ọ̀nà tí a gbà fi ìwọ̀sí kan Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1890 dun gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1891, Edward Wilmot Blyden sọ̀rọ̀ ní Èkó nípa pípadà àwọn ìgbèkùn àti ìjọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ènìyàn dúdú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni a dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀.

Nínú afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn kan ti bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sọnù. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mojọlá Agbẹ̀bí ní 1894. Aṣọ ilẹ̀ wa nìkan ni ó sì ń wọ̀. Jacob Henry Samuel, olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó, di Adégbóyèga Ẹdun, “adé gbé oyè ga”, ó sì di akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá. George William Johnson di Oshokale Tejumade Johnson. John Augustus Payne, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ọba Ìjẹ̀bú lára, fi Ọ̀túnba ṣáájú Payne. Edmund Macaulay, agbẹjọ́rò, di Kitoyi Àjàsá. Ní Sierra Leone pàápàá, William James Davies, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ti di Orishatukeh Faduma láti 1887. Oníwàásù ni, Òrìṣà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀.

Àlùfáà James Johnson ti ìjọ St. Paul's, Breadfruit, tako kí a máa fi orúkọ òyìnbó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Yorùbá. Kò rí ìdí tí orúkọ tí ó yin Ọlọ́run ní Yorùbá kò fi níí tó fún onígbàgbọ́. Síbẹ̀, James Johnson ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́ títí ó fi kú ní 1917. Àwọn kan fi èyí bú u, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni òbí rẹ̀ mú padà láti inú ìgbèkùn. Bí ó bá sọ ọ́ nù, ó ti pa ojú ìwé kan rẹ́ nínú ìtàn wọn.

Ṣé orúkọ ni ó ń ro ọmọ?

Àwọn àgbà ní, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ìtàn Èkó fún ni ní ọ̀nà láti yẹ òwe yìí wò. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé ayé ní ìgbà kan náà kalẹ̀.

Kitoyi Àjàsá bọ́ Macaulay sílẹ̀, ó sì gbé orúkọ Yorùbá wọ̀. Bí orúkọ bá ní agbára láti ro ẹni, òun ni ìbá jẹ́ aṣáájú àwọn tí ń bá òyìnbó jà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí ó dá sílẹ̀ ní 1914, Nigerian Pioneer, ẹ̀yìn ìjọba ni ó wà, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè “Sir” dá a lọ́lá ní 1928. Herbert Macaulay ní tirẹ̀ kò bọ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1946. Òun ni ó bá olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òun ni ó dúró ti Èṣùgbàyí Elékó nígbà tí ìjọba yọ ọ́. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì ka Macaulay sí àjèjì láéláé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn tí ó pa orúkọ dà ṣe iṣẹ́ asán. Ọpẹ́lọpẹ́ àríyànjiyàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ọmọ tí ń jẹ́ Adégbóyèga fi lè dúró níwájú pẹpẹ tàbí ní kíláàsì láìsí pé a ní kí ó lọ wá “orúkọ Kírísítẹ́nì” wá. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a kò gbọdọ̀ fi orúkọ nìkan ṣe ìdájọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kò lè jẹ́ adájọ́.

Ohun tí ó ń sọnù

Lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rí inú orúkọ ń gbà sọnù. Èkíní ni orúkọ ìdílé. Ní ayé àtijọ́, olúkúlùkù ni ó ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìjọba ni ó sọ orúkọ baba di orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Báyìí ni orúkọ tí a fi bẹ ọmọ ọwọ́ kan, Kòsọ́kọ́, ṣe di ti ìdílé ńlá, tí a kò sì bi ara wa léèrè ohun tí ó sọ mọ́.

Èkejì ni pípa orúkọ òrìṣà rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti yọ Ifá, Ògún tàbí Èṣù kúrò, tí wọ́n sì fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí pé Fágbèmí tí ó di Olúgbèmí ti pa á mọ́ pé babaláwo wà nínú ilé náà rí.

Ẹ̀kẹta ni àìfi àmì ohùn sí orúkọ. Nígbà tí a bá kọ Bamgbose lásán, ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé ọṣẹ ìwẹ̀ ni wọ́n ní kí a bá àwọn gbé. Oṣé Ṣàngó tí ó la òkun kọjá, tí ó sì padà wálé, di ọjà inú igbá.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló kù. Kí ó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà ilé wọn pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni gbogbo orúkọ mi? Ta ni ó sọ mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Kí ni orúkọ bàbá bàbá mi kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ṣe ìrìbọmi? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà pẹ̀lú àmì ohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ṣe fi ipá túmọ̀ orúkọ tí kò yé e. Ilé tí orúkọ ti jáde ni ó ní àṣẹ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá ṣe, tí ó jáde ní 2003, yóò ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹnu àgbà. Ìwé lè sọ pé Kòsọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àbíkú. Ìyá àgbà nìkan ni ó lè sọ iye ọmọ tí wọ́n ti sin kí a tó bí i.